Ìdì Tí Àǹtí Fadérera Fọwọ́ Sí

Ní ilé iṣẹ́ wa ní Ṣakí, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn èèyàn máa lù là ń ṣe. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìdì ẹ̀rọ kan pé ó dára, ọ̀kan nínú rẹ̀ ló máa wà láyà tirẹ̀ náà. Òfin ni.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé èyí tí wọ́n yọ láyà òkú kan dé. Àǹtí Fadérera, ọ̀kan lára àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò, wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Òjé tí wọ́n fi jó o pọ̀ ti sán.

Mo bi wọ́n pé, "Ta ló fọwọ́ sí ìdì tó ti wá, mà?"

"Èmi ni. Igba èèyàn ló ṣì ń lò ó. Pè wọ́n kí wọ́n wá pààrọ̀ rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ tiyín."

Àǹtí gbọ́wọ́ lé àyà. "Èmi ni mo sọ fún wọn pé ó dára. Tó o bá pè wọ́n tán, kó o wá pè mí."