Ìwé Lórí Ọ̀rọ̀ Bẹ́ǹṣì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, òṣìṣẹ́ káńsù méjì wá sí ibùdókọ̀. Wọ́n wọn bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ ní ìbú àti òòró, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì lọ. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí oòrùn tó mú, gbogbo àdúgbò ti gbà pé wọ́n fẹ́ wá hú u ni.

Bẹ́ǹṣì náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Pákó mẹ́ta ni, irin mẹ́rin ló gbé e dúró. Àmọ́ orí rẹ̀ ni Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ti ń ka ìwé ìròyìn àná sókè ketekete fún àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Ibẹ̀ ni onígbàjámọ̀ ti máa ń wá dá sí àríyànjiyàn, tí yóò fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú orí tó fá dé ìdajì. Ẹnì kan tilẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ náà ni ọkọ Ìyá Alágbàfọ̀ tó ń fọṣọ ní ilé kejì sí ibùdókọ̀ ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí tọkọtaya náà bí ló wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì náà ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé. Bàbá wà níbi ìsìnkú. Nígbà tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ìsìnkú ni ó kọ́kọ́ gbàgbé. Kò gbàgbé ọjọ́ Ẹtì.

Bí ó bá ti rí bẹ́ǹṣì, yóò jókòó. Bí ó bá ti jókòó, yóò bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti dé?" Nígbà kan, Ìyá Alágbàfọ̀ sọ òótọ́ fún un. Bàbá sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó tún bi í. Láti ìgbà náà, "Kò tíì dé" ni ìyàwó rẹ̀ ń dá a lóhùn, yóò sì padà sídìí aṣọ tó ń lọ̀. Ọjọ́ tí èèyàn bá kún orí bẹ́ǹṣì, Bàbá a yí padà sílé, kì í sì í béèrè nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé náà, Ìyá Alágbàfọ̀ pa áyọ́ọ̀nù, ó nu tábìlì, ó kọ ìwé sí káńsù. Ojú ewé kan péré ni. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi ojú ewé mìíràn sí abẹ́ rẹ̀ fún orúkọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ bá.

"Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ni," ni ó wí. "Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀yin Mama yìí náà! Kí n jókòó máa yẹ ìwé tí ìyá mi gbé wá wò? Ṣé mo pè yín lólè ni? Ẹ mú bírò wá jàre." Ó gbọn irun kúrò lọ́wọ́, ó fọwọ́ sí i. "Àwọn káńsù yìí ò tiẹ̀ rò ó pé ibẹ̀ nìkan ni Bàbá mọ̀ láyé mọ́."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

Oníbàárà tí ọṣẹ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà na ọwọ́, ó gba bírò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ládùúgbò náà. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé nítorí iná òpópónà, nítorí kòtò ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, nítorí àkùkọ kan tó ń kọ lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ kà á, wọn a ní ó ń fura sí aládùúgbò rẹ̀. Aránṣọ fọwọ́ sí i láì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Orí bẹ́ǹṣì ló ti bá Tíṣà, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé jù nínú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á."

"Ogójì ọdún ni mo fi ka ìwé ọmọ ọlọ́mọ, Ìyá Alágbàfọ̀. Èyí tó wà níbí, mo ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kọ ọ́." Ó ṣí ojú ewé kejì, ó kọ orúkọ rẹ̀ sókè ti onígbàjámọ̀, ó sì fi "olùkọ́ àgbà" kún un. "Kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn afárí nìkan ló wà níbí."

Bàbá wo bírò náà. "Ṣé bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti dé?"

"Kò tíì dé."

Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé.

Ní Ọjọ́rú, akọ̀wé káńsù ka ojú ewé àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ka orúkọ. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni.

"Mama, gbogbo èèyàn yìí ló gbà?"

"Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n kà á."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kúkú ń gbé ibẹ̀." Ó lu òǹtẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, ọkọ̀ akẹ́rù káńsù dúró ní ibùdókọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti òòlù. Onígbàjámọ̀ sáré jáde tòun ti sísọ́ọ̀sì, oníbàárà tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdajì orí.

"Ẹ dúró ńbẹ̀! A ti kọ̀wé o! Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Bàbá arúgbó ló ń jókòó síbẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ lójú àánú!"

"Ẹni tó bá hú u, èmi ló máa kọ́kọ́ hú," ni Tíṣà wí, kò dìde.

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ nu òógùn. "Òrùlé la tilẹ̀ wá wọ̀n ọ́n fún lọ́jọ́sí, kí òjò má baà máa pa yín." Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó nà án sí Tíṣà.

Ní ìta ilé kejì, Ìyá Alágbàfọ̀ ń sá aṣọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Tíṣà fa awò sójú, ó sì ka ojú ewé àkọ́kọ́ sókè ketekete bí ó ti máa ń ka ìwé ìròyìn: "Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé yìí ń bẹ yín pé kí ẹ wá hú bẹ́ǹṣì náà kúrò, kí ọkọ mi lè yé dúró de ọmọ tí a ti sin."