Bùbá Tó Kọjá Lọ́wọ́ Adéwọyin

Lọ́dọọdún, ẹ̀wù tuntun kan ṣoṣo ni òfin gba ẹnikẹ́ni láyè láti rà, nítorí náà Adéwọyin kò kánjú nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ tó wà ní Ṣakí. Gbogbo ẹ̀wù ni wọ́n yí inú wọn síta kí oníbàárà lè rí ojú rírán. Ó na ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀, ó fa òwú rẹ̀ wò, kò já.

Bó ṣe yíjú, ó rí bùbá aláwọ̀ ewé lára ọmọbìnrin kan. Bùbá ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí ilé ìpààrọ̀ aṣọ, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gba aṣọ àlòkù, lẹ́yìn ìsìnkú.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i. "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan? Ẹ ń wò mí."

"Aṣọ ìyàwó mi lo wọ̀."

"Háà! Òfin ní ẹbí ẹni tó ni aṣọ tẹ́lẹ̀ lè gbà á padà. Ṣé kí n lọ bọ́ ọ fún yín?"

Adéwọyin fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó rí i pé ọrùn bùbá náà ti ń ṣá.

"Inú oòrùn lo ń sá a sí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Máa sá a sí ibòòji. Omi tútù ni kó o máa fi fọ̀ ọ́. Bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Má bọ́ ọ, ọmọ mi. Ó yẹ ọ́."

"Ẹ ṣé, sà. Kí lorúkọ wọn?"

Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì pe orúkọ náà síta.

"Ìbídùn," ló wí.