Iyanrìn Tí Abọ́sẹ̀dé Gbá

Ẹnu Ikúẹsan ọkọ rẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìjàpá òkun ló ń fọwọ́ sí odi òkun tí ìjọba fẹ́ mọ báyìí: ibi tó bá yé sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ odi síbẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé ń fẹ́ odi tí yóò gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ìjì. Ṣùgbọ́n àlejò kì í bá ilé rẹ̀ ní ìdọ̀tí, ìbáà ṣe ìjàpá, ló bá gbá etíkun iwájú ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ìjàpá gòkè ní àfẹ̀mọ́jú. Iyanrìn náà wù ú, ó sì yé.

"Màmá, ta ló ní kí ẹ tẹ́ ibùsùn fún un?" ni aṣojú ìjọba tó wá wo ibi tí odi máa gbà wí. "Ẹ̀yìn ilé yín ni odi máa gbà o."

"Èmi àti òkun ló kù síta nìyẹn?"

"Àti àwọn ọmọ ìjàpá."

Ìjàpá bo ẹyin rẹ̀, ó wọ́ lọ sínú omi, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.