Fọ́tò Jílálì Nínú Odò Gbígbẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó kọjá. Ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ bá ti gun máṣíìnì, tí etí yín kì í gbọ́ràn mọ́.

1.
Jílálì onígbàjámọ̀, ará Béní Mellal ní Mòrókò, ni ọ̀gá ẹgbẹ́ wa. Alùpùpù mẹ́sàn-án ni wá, èmi ni mo máa ń kẹ́yìn. Tí ẹ̀rùn bá ti ń parí, a máa ń gun orí òkè lọ lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, Jílálì gbé máṣíìnì pupa tuntun jáde. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe tiẹ̀. Ti Benáísà ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù.

Benáísà ti kìlọ̀ fún un pé, "Máa tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ láràárọ̀ kí bátìrì má baà kú. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá géètì. Tó bá kọjá géètì, èmi àti ìwọ ò ní jọ jẹun mọ́."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Benáísà ń bọ̀ wálé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la jáde.

Hámù, ẹni tó ń ya fọ́tò fún wa, bi í pé, "Tó bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ni yóò sọ fún un? Ìwọ?"

2.
Lọ́sàn-án, a dé abúlé kan létí odò. Odò ti gbẹ, òkúta àti iyanrìn ló kù. Àwọn obìnrin ti fọ rọ́ọ̀gì wọn, wọ́n sá wọn sórí òkúta. Ìyá arúgbó kan, Lalla Túdà, ń se tíì níwájú ilé rẹ̀ lókè.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá mu tíì. Òjò ń rọ̀ lórí òkè. Ẹ jókòó títí ẹ ó fi mu ife kẹta."

Níbẹ̀, ẹni tó bá mu ife kan tó dìde, èébú ló bú onílé. Inú wa dùn, a ti ń ṣí akoto lórí. Jílálì bú sẹ́rìn-ín.

"Òjò wo, Ìyá? Ẹ wo ojú ọ̀run bó ṣe mọ́! Ife mẹ́ta? Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló nírú àkókò yẹn."

"Ojú ọ̀run ibí lò ń wò," ni ìyá wí. "Omi kì í ti ibí wá."

"Ìyá, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà sílẹ̀ fún ọlọ́nà."

Hẹn-ẹn! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà ọkùnrin. Òfin ẹgbẹ́ wa sì ni pé bí ọ̀gá bá dúró, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó. Àwa òmùgọ̀ mẹ́jọ bá dé akoto wa padà.

3.
Jílálì ní àfi ká ya fọ́tò nínú odò gbígbẹ. A gbé máṣíìnì tiwa kalẹ̀ sórí bèbè, òun nìkan ló gun máṣíìnì pupa wọ inú odò. Bá a ṣe paná ẹ́ńjìnì, ẹnìkan ké láti orí òrùlé lókè, òrùlé kejì gbà á, ìkẹta gbà á. Kíá, àwọn obìnrin ti ń kó rọ́ọ̀gì, tútù tútù tó wà. Ẹ gbọ́ o, rọ́ọ̀gì tútù wúwo ju àgbò lọ. Ẹ ò lè rí obìnrin abúlé yẹn kó gbé e sáré lásán.

Jílálì na àyà. "Ẹ rí i? Wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe fún wa! Wọ́n mọyì èèyàn."

Ó ń juwọ́ sí wọn bíi gómìnà. Obìnrin kan kígbe, "Ẹ jáde níbẹ̀!" Ó dáhùn pé, "Ẹ má bínú, fọ́tò kan péré ni!"

Hámù gun bèbè odò, ó fi fóònù yà wá. Ojú rẹ̀ bá yí padà.

"Jílálì, ẹ̀yìn ẹ!"

"Rí i pé máṣíìnì hàn dáadáa!"

"Mo ní ẹ̀yìn ẹ!"

Yéè! Àgbàrá pupa ló ń bọ̀, ó gbé igi, ó gbé ilẹ̀kùn ilé onílé. Àwa yòókù fọ́n ká, bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo fi gun òkè. Máṣíìnì Jílálì ti rì sínú iyanrìn, òun náà ò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ o!"

"Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀! Ọjọ́ Jímọ̀!"

Omi gba máṣíìnì lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Òun fò mọ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ kan láàárín odò, ó pọ́n ọn dé ṣóńṣó, akoto ṣì wà lórí. Ó ké pe ìyá rẹ̀, ó ké pe ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó yá, Lalla Túdà ló ń ké pè. Igi náà ti ń mì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo sunkún.

4.
Àwọn obìnrin so rọ́ọ̀gì pọ̀, mẹ́rin. Èyí tí wọ́n gbé fún Lalla Túdà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Wọ́n jù ú sí Jílálì.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí!"

"Má bẹ̀ mí báyìí. So ó mọ́dìí ná!"

Gbogbo wa fà á. Rọ́ọ̀gì ìgbéyàwó ya, Jílálì sì gúnlẹ̀ láàyè.

Wọ́n fi jàlámíà olóògbé ọkọ ìyá wọ̀ ọ́, orúnkún ló mọ. Ó mu ife kìíní, ó mu ìkejì. Ìkẹta wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí fóònù Hámù dún. Kí àwọn ará ilé lè mọ̀ pé a wà láàyè, Hámù ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Fọ́tò ò dúró sílé o, ó dé Bẹ́ljíọ̀mù. Nínú fọ́tò náà, Jílálì la ọwọ́, ó yọ eyín. Àwọn obìnrin ń gbé rọ́ọ̀gì sá lẹ́yìn rẹ̀. Àgbàrá ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Máṣíìnì pupa wà níwájú, ó hàn ketekete, bó ṣe fẹ́ kó hàn.

"Jílálì," ni ohùn Benáísà wí, "ṣé ara ẹ le?"

"Ó le, ẹ̀gbọ́n."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé inú géètì wa ni odò yẹn wà?"

Lalla Túdà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Táyà kan péré ni Benáísà bá nílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Lónìí, ẹ̀yìn máṣíìnì Hámù ni Jílálì ń jókòó sí, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ibi tí a ń lọ. Lóṣooṣù ló ń gbé irun àgùntàn lọ fún Lalla Túdà, kó fi hun rọ́ọ̀gì mìíràn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kíyè sára. Tí onílé bá ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ jókòó. Tẹ́ ẹ bá rí i tí gbogbo ìlú ń sá, ẹ má rò pé ọ̀nà ni wọ́n ń yà fún yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo onímáṣíìnì tẹ́ ẹ mọ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Jílálì gun igi náà, ẹ bi í léèrè.