Ìmọ́lẹ̀ Tó Wo Inú Epo

“Ogójì orílẹ̀-èdè ló ń fi ìwádìí mi ṣiṣẹ́!” Ọ̀mọ̀wé na ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè láàárín ọjà Sakété. “Aró kò lè sá pamọ́ sínú epo fún mi. Ìyá Hospice, ẹ gbé tiyín wá!”

Ogún ọdún ló fi dúró de ọjọ́ yìí. Ìyá Hospice, elépo tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Hospice, ló pariwo nígbà náà pé ìyá Ọ̀mọ̀wé ń po aró pupa mọ́ epo, tí wọ́n fi lé e tòun ti ẹkún lọ sí Pobè. Lónìí, ó mú ìyá rẹ̀ padà wá kó lè fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀san.

Ó tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà sí epo Ìyá Hospice. Ẹ̀rọ dákẹ́. Kò sí aró kankan níbẹ̀.

“Dókítà, àbí pílì tó ń gbé ẹ̀rọ yín ṣiṣẹ́ ti kú ni?” Ìyá Hospice béèrè. Ọjà bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí i. Ó já ìgò epo tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti Pobè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ wá wo ojúlówó!” Ó tanná sí i. Ẹ̀rọ han gooro: aró pupa!

Ìyá Hospice ti ń tún ìró ró láti jó, nígbà tí ìyá Ọ̀mọ̀wé yán.

“Aró yẹn ni mo fi rán ẹ níléèwé,” ó ní. “Ọwọ́ Ìyá Hospice ni mo ti ń rà á.”