Mọ́dábọ́ọ̀dù Damaris

Aago mẹ́rin òní ni Damaris máa ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì tó máa gbé e lọ Kánádà.

Orí kọ̀ǹpútà tó fi forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà kó ti ṣe é, kọ̀ǹpútà náà kò sì tàn.

Ọ̀gá Levi, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòsí, ti tú àpótí àtijọ́ kọ̀ǹpútà náà tó dípẹtà. Ó fẹ́ de mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀, pátákó tó so gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ pọ̀, mọ́ inú àpótí tuntun.

Mummy, ìyá Damaris, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń kọrin ìyìn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá Levi yí mọ́dábọ́ọ̀dù náà padà, ó gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sister, omi ti wọ ibí. Omi olóòórùn dídùn. Kò lè tàn mọ́."

Damaris wo ìyá rẹ̀.

"Mummy, omi àdúrà yín ni. Ìtara yín pé kí n tètè lọ ti pọ̀ jù."

Orin dákẹ́.

"Ta ló ní kí o lọ? Kí o má lọ ni mo ń bẹ Olúwa. Ó sì ti gbọ́," ni Mummy wí, inú wọn ń dùn.

Damaris jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni Mummy fi ń wọ́n omi sí ẹ̀rọ náà láràárọ̀, tí wọ́n ń gbàdúrà nínú ọkàn wọn, láìgbé ohùn sókè.

Damaris fúnra rẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ tì wọ́n, tó ń ṣe àmín.