Àwòrán Etí Òkun fún Màmá

Màmá ní òkun ni òun fẹ́ rí, kí Olúwarótìmí ọmọ òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn dúró síwájú rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ó ta ilẹ̀ ìrẹsì rẹ̀ ní Igbemo kí wọ́n lè fi rówó ìrìnnà lọ sí ìlú òyìnbó. Láti ìgbà náà, Adéjọbí, aládùúgbò rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, kò fi ẹnu sinmi. Ó ní ọmọ tó bá ti dé ọ̀hún kì í rántí ilé mọ́. Bí àwòrán kò bá dé kí ìsìn ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú tó bẹ̀rẹ̀, ojú á gba Màmá tì láàárín ìjọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Sẹ̀gilọlá, ìyàwó Olúwarótìmí, kó kóòtù mẹ́ta sínú báàgì. Olúwarótìmí fa fìlà wálẹ̀ dé ojú. Ó kìlọ̀ fún Pamílẹ́rìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, pé kò gbọdọ̀ kí àgbà kankan lọ́nà. Ọmọ náà ní ìyẹn ò dáa. Bàbá rẹ̀ ní bí àwọn ṣe ń gbé báyìí nìyẹn.

Ohùn ọkùnrin tó fẹ́ yà wọ́n ní àwòrán fi hàn pé ọmọ Èkìtì ni òun náà. Olúwarótìmí kò bi í léèrè ìlú rẹ̀.

Ibẹ̀ lẹ́wà. Àpáta funfun ga sókè létí òkun, ilé gogoro tí ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi sì dúró lórí rẹ̀. Wọ́n wọ kóòtù. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n súnmọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Sẹ̀gilọlá nu òógùn ojú rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn. Atẹ́gùn náà dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró dè é, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, ta ló ń gbé inú ilé yẹn?"

"Ẹni tó ń fọ̀nà han àwọn tó ṣìnà."

"Kó bá wa wá ẹni tó gbowó ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wa," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Oṣù márùn-ún rèé tí kò gbé fóònù."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn lọ," ni ọkùnrin náà wí, ó sì yà á.

Èyí ni Olúwarótìmí fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ohùn Màmá fi wọlé sórí fóònù.

"Rótìmí, òkun rèé! Ọlọ́run, o ṣé. Ẹ fi aṣọ bo ọmọ mi láyà o, òtútù ibẹ̀ yẹn á pọ̀. Mo ti ń lọ fi han Adéjọbí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Sẹ̀gilọlá bọ́ kóòtù lọ́rùn ọmọ.

Ọkùnrin náà tú òkun, àpáta àti ilé gogoro kúrò lára ògiri, ó ká wọn pọ̀ bí ẹní, Olúwarótìmí sì fa kọ́tìnnì bo fèrèsé títí Màmá, tó ń sọdá oríta Adébáyọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú fóònù lókè lọ́wọ́, fi kọjá lọ.